Ọkùnrin Inú Fótó ní Ìlú Wúrà

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú wúrà kì í ṣe kòtò, ariwo ni. Ní Ìdìgní tí mo ti wá, lẹ́bàá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, bí alùpùpù kan bá ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, etí á ti gbọ́ ọ kí ojú tó rí i, àwọn ọmọdé á sì ti máa jiyàn nípa ẹni tó gùn ún. Níbí ní Gáná, ẹ̀rọ ni lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ ni lósì, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá wò ó dáadáa, ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo lásán ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń gbé àgbàdo lọ bá ní ọjà Kétu. Òkúta ni àwọn ará ibí fi ń lọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ fa apá mi. Mo rò pé mo ti dití, ọ̀rọ̀ náà sì pa mí lẹ́kún. Odindi ọkùnrin tó fi ìyàwó àti oyún sílẹ̀ nílé, ó jókòó ti àpò yanrìn, ó ń sunkún nítorí ariwo.

Yanrìn ni iṣẹ́ mi. Àwọn òyìnbó ti ń wa wúrà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí bàbá mi, ohun tí wọ́n bá sì ti lọ̀ tí wọ́n ti mú wúrà inú rẹ̀, wọ́n á dà á nù sí ẹ̀yìn ìlú. Ó ti di òkè báyìí, òkè funfun kan tí koríko kì í hù lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ kò lè gba wúrà náà tán, díẹ̀díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù, àwa tí a dé gbẹ̀yìn la wá ń jẹ àjẹkù. A ó gbẹ́ yanrìn náà sínú àpò, a ó tún lọ̀ ọ́ kí ó kúnná, a ó sì fi omi ṣàn án lórí kápẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ sórí pákó tó dàgẹ̀rẹ̀. Yanrìn á bá omi lọ. Wúrà wúwo, òun á há sínú irun kápẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fọ kápẹ́ẹ̀tì náà nírọ̀lẹ́, ohun tó ń tàn nísàlẹ̀ abọ́ lè má tó nǹkan tí atẹ́gùn yóò gbé.

Ràsákì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ti pẹ́ níbí tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fi èdè wọn bú ẹ̀rọ rẹ̀. Òun náà ló sọ mí ní Àgànyìn. Mo ní Yorùbá ni mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní Yorùbá wo ló ń pe fóònù ní pọ́tábù, tó ń pe tíṣà ní mẹ́tìrì? Mo ṣàlàyé fún un pé Kétu ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà sí àárín wa. Ó ní kò burú, Àgànyìn, gbé àpò yẹn wá. Àwọn ọmọ Gáná ní tiwọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Benin. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èdè lẹ́nu mi, Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Mo wá di ọmọ ilẹ̀ tí n kò gbé rí, àwọn tó sì ni ilẹ̀ náà gan-an kò gbà pé mo jẹ́ tiwọn.

Ìṣẹ́gun kéékèèké wà o, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èdè wọn ná tòmátò, tí ìyá tó ń tà á dá mi lóhùn láìrẹ́rìn-ín, mo rìn wálé bí ẹni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mo gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn yàrá mi, ó ta. Àwọn obìnrin agboolé wá ń tọrọ ewé rẹ̀, mo sì ń ṣe bí onílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé tí mo tilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ìlú náà tó lè sọ orúkọ ìyá mi. Ìyẹn ni ìdánìkanwà tí mo mọ̀. Èèyàn lè wà láàárín èrò kí ó má sí ẹni tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe bàbá mi. Abídèmí ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Bàbá rẹ̀, Àkànbí, bàbá mi àgbà, gba ọ̀nà ilẹ̀ wúrà ní apá Gáná yìí nígbà tí oyún rẹ̀ ṣì wà nínú, kò sì padà. Wọ́n sọ ọmọ ní Abídèmí kí bàbá lè wá bá a. Ọmọ di géńdé, ó di bàbá, ó di arúgbó onígi lọ́wọ́, ó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń dúró. Nígbà tí ìyàwó mi bí obìnrin lẹ́yìn tí mo ti wá síbí, àwọn ẹbí fẹ́ sọ òun náà ní Abídèmí. Bàbá kọ̀. Ó ní orúkọ yẹn ti tó ẹnì kan nínú ilé. Àṣàkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni Àṣàkẹ́ ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Pọ̀bẹ̀, n kò bá a wí, ọkọ inú tẹlifóònù kì í bá ni ru omi. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, eyín iwájú rẹ̀ sì ti ká. Òun ló máa ń gba pọ́tábù bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ tán.

"Pápá, ṣé wúrà máa ń rùn ni?"

"Kì í rùn."

"Ṣé ó máa ń gbóná?"

"Kò gbóná. Bí yanrìn ni, àfi pé ó ń dán."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá bu yanrìn ilé wa?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò rí ọmọ náà sójú rí. Bí a bá gbìyànjú láti pe fídíò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìdìgní á fọ́ ojú mi sí wẹ́wẹ́ kí ó tó pé lójú rẹ̀. Fótó tí mo fi ránṣẹ́ nígbà tó ń rákò wà nínú pọ́tábù Mẹ́tìrì, olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, pọ́tábù ọ̀hún sì já sínú kànga. Ó ń pè mí ní pápá nítorí pé wọ́n ní kí ó máa pè mí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kí ó máa pe Mẹ́tìrì ní tọ́ntọ́n, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ara Bàbá kò yá. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibitá ní Kétu, wọ́n sì ti gbé e padà.

"Bàbá, ara ńkọ́?"

"Ara ti di aṣọ tó gbó, ọmọ mi. Mo fẹ́ sùn, n kò ríbi sùn sí."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nínú yàrá ńlá ilé wa ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí, lẹ́bàá ògiri, bàbá tẹ̀ lé bàbá. Ibi tó kàn, ti Àkànbí ni, ó sì ṣófo. Wọn kì í fi ọmọ ṣáájú bàbá níbẹ̀. Bí ará ilé wa bá kú sí ẹ̀yìn odi, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á gbé e wálé. Ní gbogbo oríta, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ kí ó má bàa ṣìnà. Ohun tó délé yẹn ni wọ́n á sin, a ó sì gbà pé ó ti dé. Ti Àkànbí, kò sí irun, kò sí èékánná. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ń lọ o, ó sì ń gba ara Olúwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ fadá.

"Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ," ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. "Bàbá mi bí mi, n kò sin ín. Ṣé ó bímọ, àbí kò bímọ? Ìwọ ni o wà ní ilẹ̀ wúrà. Bá mi béèrè."

Lọ́wọ́ ta ni n ó ti béèrè? Lọ́wọ́ àwọn tó ń pè mí ní Nàìjíríà?

Ọjọ́ kan wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ibí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan odò. Wọ́n ní odò ń sinmi. Bí kò bá sì sí omi, kò sí iṣẹ́. Mo ń rìn kiri láàárín ìlú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò dé, mo sì sá sábẹ́ òrùlé ilé kan tí wọ́n fi páànù pupa kàn. Ilé ọ̀gá àwọn òyìnbó awakùsà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè. Ẹfúà ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n wọlé, torí pé omi ara mi ń ro sí ibi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò dán mọ́rán, tirẹ̀ náà kò sàn jù ú lọ, a gbọ́ra wa yé.

N kò tíì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n to àtùpà àwọn awakùsà sórí tábìlì, wọ́n to ìwọ̀n wúrà ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe bí ẹyẹ àti bí ọ̀nì. Àga ọ̀gá wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fi epo pa á. Lára ògiri, fótó àwọn òyìnbó tò lọ bẹẹrẹ. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe. Ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ orúkọ ajá náà.

Fótó àwọn èèyàn dúdú kan ṣoṣo wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n tò sí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n dé fìlà kòǹkò, wọ́n di ṣọ́bìrì mú. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé alágbàṣe láti àríwá ni wọ́n. Mo fẹ́ kọjá. Ọkùnrin kan tó wà ní ẹ̀yìn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ẹnì kan pè é nígbà tí wọ́n ń ya fótó náà, mo sì rí ilà ojú rẹ̀. Mẹ́ta kúkúrú lẹ́rẹ̀kẹ́, ọ̀kan tó dàgẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá imú wá. Ilà agboolé wa ni. Ojú bàbá mi ni mo ti kà á kí n tó mọ ìwé kà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti aṣọ tútù lára. Ẹfúà dìde wá, ó rò pé àìsàn ni.

"Ẹni yìí kì í ṣe ará àríwá," mo ní. "Ará ilé wa ni."

"Níbo ni ilé yín?"

"Kétu."

"Nàìjíríà?"

"Benin."

Ó wo fótó náà, ó wò mí. "Mo ti ń gbá abẹ́ fótó yìí tipẹ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wá béèrè wọn rí." Ó gbé abọ́ ẹ̀pà rẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ̀pà náà pẹ̀lú omijé títí òjò fi dá. Kí n tó lọ, ó gbà mí láyè láti fi pọ́tábù mi ya fótó ọkùnrin náà.

Èmi kò ní ilà. Láti ìgbà tiwa ni wọn kò ti kọ ọ́ mọ́, àwọn mẹ́tìrì ní ọ̀làjú ti dé, inú wa sì dùn pé abẹ kò kàn wá lójú. Lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ dùn mí. Ọkùnrin yẹn wá síbí, wọ́n gba agbára rẹ̀, wọ́n gba orúkọ rẹ̀, wọ́n tún kọ ìlú onílùú mọ́ ọn lára, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sọnù pátápátá. Bí wọ́n bá ya fótó èmi àti Ràsákì lórí òkè yanrìn lónìí, tí wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀, ọmọ ilé wa tó bá wò ó lọ́jọ́ iwájú á wulẹ̀ kọjá ni.

Mo fi fótó náà ránṣẹ́ sí Mẹ́tìrì lórí pọ́tábù rẹ̀ tuntun. Ó gun zẹmijan, alùpùpù akérò, lọ sí Kétu, ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, ó gbé e fún Bàbá. Ní ọjọ́ Àìkú, mo pè.

"Bàbá, ẹ rí i?"

"Mo rí i. Láti àná ni mo ti ń wò ó." Mo gbọ́ ìró bébà lọ́wọ́ rẹ̀. "N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wo ilà rẹ̀."

"Mo mọ ilà. Ẹni tó ni ojú ni n kò mọ̀. Ìyá mi ní mẹ́ta ni wọ́n lọ láti agboolé wa, méjì padà, wọ́n sì ti kú kí n tó gbọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn tó padà nìyí? Bóyá ojú bàbá mi ni wọ́n gbé síwájú mi, mo ń wò ó bí àlejò." Mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Bàbá mi kì í sunkún. "Lọ padà. Béèrè ibi tí wọ́n ń sin irú wọn sí. Èyí tó kú lọ́hùn-ún nínú wọn, ibẹ̀ ló máa wà. Bu erùpẹ̀ rẹ̀ wá, ilẹ̀ kì í parọ́."

Ìrètí wọ inú mi, kí n sọ òótọ́. Erùpẹ̀ kò ṣòro. Mo ra aṣọ funfun, mo ká a sápò, nígbà tí ọjọ́ ìsinmi odò tún pé, mo lọ bá Ẹfúà. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ń sin àwọn alágbàṣe sí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

A rìn kọjá ọjà, a rìn kọjá ilé-ìwé kan, títí a fi dé ibi tí wọ́n fi wáyà dí. Lẹ́yìn wáyà náà, ilẹ̀ ti tán. Kòtò kan ni, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé gbogbo Ìdìgní sínú rẹ̀ kí wọ́n dé e. Omi aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ibí yìí ni," Ẹfúà ní.

"Ibí yìí ni kí ni?"

"Ibi tí wọ́n ń sin wọ́n sí. Wọ́n rí wúrà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní èyí tó ní ẹbí nítòsí, ẹbí rẹ̀ wá kó o. Èyí tí kò ní ẹnikẹ́ni, wọ́n wà á pọ̀ mọ́ òkúta, wọ́n lọ̀ ọ́."

"Wọ́n wá da èyí tí wọ́n lọ̀ síbo?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka. N kò ní láti yíjú wò ó, mo mọ ohun tó wà lápá ibẹ̀. Òkè funfun wa ni. Ẹfúà wo ṣòkòtò mi tí yanrìn ti gbẹ sí lára, ó sì yára gbójú kúrò. "Má bínú," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti mọ̀."

A kò mọ̀. Èmi kò mọ̀. Mo ti gbẹ́ òkè yẹn, mo ti rù ú, mo ti dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, mo ti fi omi ṣàn án kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ìdọ̀tí, mo sì ti fi ohun tó ṣẹ́kù rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Erùpẹ̀ tí bàbá mi ní kí n lọ wá, ó ti wà nínú irun orí mi láti ọjọ́ tí mo dé. Mo di wáyà náà mú, mo rò ó pé bí mo bá yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kòtò yìí á gbà mí láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ẹfúà di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Kò fi í sílẹ̀ títí a fi padà sí ẹ̀bá ọjà.

N kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ebi kò mọ ẹni tó kú, mo lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ràsákì. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tí n kò rí kí ó ṣe lọ́sàn-án rí.

"Ṣé o fẹ́ kí n parọ́ fún ẹ ni?" ó ní. "Bó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀, o ti lọ̀ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, bàbá ẹlòmíì lo lọ̀. Èmi náà ti lọ̀ wọ́n." Ó wo òkè náà fún ìgbà díẹ̀. "Bu díẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú ẹ̀. Yanrìn yẹn náà ni sàréè wọn."

Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń pe wúrà jáde ti pa koríko lórí òkè yẹn, ó ti pa ẹja nínú odò. Yàrá tí wọ́n fẹ́ sin ín sí ni Àṣàkẹ́ ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Mo mi orí. Ràsákì ní kò burú. Ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ tan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yanrìn. N kò mọ ẹni tí kò ní bẹ̀rẹ̀.

N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún Bàbá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Kòtò náà jinlẹ̀?" ó béèrè.

"Ó jinlẹ̀, Bàbá."

"Yanrìn yẹn ni ìwọ ń lọ̀."

"Òun ni."

Mo ń gbọ́ adìẹ wa lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń fọ́ igi. "Má sunkún," ó ní. "Ó kúkú jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn kàn án." N kò mọ̀ bóyá ó fi tù mí nínú ni, àbí ó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ti bá àwọn àgbà agboolé sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí irun, bí kò bá sí èékánná, tí kò sì sí erùpẹ̀, ojú ń bẹ. Òun á sin fótó. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ bàbá òun, ó délé. Bí kò bá jẹ́ òun, ará ilé ló jẹ́, kò ní bínú pé wọ́n tẹ́ ẹní fún òun.

Wọ́n ní òkú kì í ti inú ilé bẹ̀rẹ̀ ìrìn, nítorí náà wọ́n gbé fótó náà padà lọ sí Kétu kí wọ́n tó máa gbé e bọ̀. Bàbá tìkára rẹ̀ jókòó sẹ́yìn zẹmijan, tòun ti àìlera, ó fi aṣọ funfun dì í mọ́ àyà. Mẹ́tìrì tẹ̀ lé wọn lórí alùpùpù tirẹ̀, òun ló sọ fún mi pé ní gbogbo oríta ni onízẹmijan náà ń dúró láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì, tí Bàbá á sì sọ pé, "Àkànbí, ilé là ń lọ. Má yà."

Ọjọ́ iṣẹ́ ni fún mi. Mẹ́tìrì pè mí nígbà tí wọ́n dé yàrá, ó gbé pọ́tábù rẹ̀ sókè kí n lè gbọ́. Mo sá lọ sẹ́yìn àwọn àpò, mo fi ọwọ́ di etí kejì. Mo gbọ́ ọkọ́ tó ń wọ ilẹ̀. Mo gbọ́ bàbá mi tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó máa sùn, pé òun náà ń bọ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ẹkún àgbà tí a fi ń sin àgbà. Ara mi balẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, mo mọ̀ pé mo wúlò.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Àṣàkẹ́.

"Pápá mi nìyẹn. Ẹ má da erùpẹ̀ sí i lójú."

Ẹnì kan ní kí ó dákẹ́. Ó tún un sọ, ó ń sunkún báyìí. Ilẹ̀ wúrà ni wọ́n ní pápá òun wà, láti ilẹ̀ wúrà ni fótó ti wá, ṣọ́bìrì ń bẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àwọn obìnrin gbà á sí ẹkún òkú, wọ́n sì gbé tiwọn sókè sí i. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo kígbe pé, "Àṣàkẹ́, èmi rèé, mo wà láàyè." Àwọn ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn mi, èmi gan-an kò gbọ́ ohùn ara mi. Ọkọ́ kò dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo yá ẹ̀wù Ràsákì wọ̀, mo fọ ojú mi, mo ní kí ó ya mí ní fótó. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Mo fi ránṣẹ́ sí Mẹ́tìrì pé kí ó fi han ọmọ mi.

Nígbà tí mo pè ní ọjọ́ Àìkú, ohùn Bàbá ti le. Ó ní òun jẹun, òun sùn bí ọmọ ọwọ́, òun kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í nípa Àṣàkẹ́. Ó ní ọmọdé ni, kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé títí. Ọmọ náà wo fótó mi dáadáa, ó wo ojú Bàbá, ó tún wo fótó. Ó ní ẹni tí wọ́n sin ní ilà bíi ti Bàbá, ẹni yìí kò ní. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Yóò gbàgbé," ó ní. "Dúró, ó ń bọ̀ wá kí ọ."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, mo mọ̀ pé ó kúnlẹ̀ kí ó tó gba pọ́tábù.

"Ẹ kú àárọ̀ o, tọ́ntọ́n."

"Àṣàkẹ́ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa fi fótó pápá mi ránṣẹ́."

Mo ní kò tọ́pẹ́.